Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ọgbà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa bá yín. Ṣé ara le? Orúnkún ńkọ́? Etí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kò sóhun tó ṣe etí yín, àwọn èèyàn ni kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Torí etí yẹn náà ni mo ṣe mú bírò. Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn lórí fóònù Ìyá Télọ̀, òun ló ń pariwo ọ̀rọ̀ mi sí yín létí, tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé èébì ń gbé mi. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti àdúgbò.

Oyún ń ṣe dáadáa. Ó ti ń yí nínú mi. Ọkọ mi ní láti ìgbà tóun ti fọwọ́ kàn án, òun ò lè fi bọ́ọ̀sì já kòtò mọ́. Bó bá ti rí kòtò lọ́ọ̀ọ́kán, á rọra yà á, àfi bí ẹni pé èmi ni mo jókòó sẹ́yìn òun. Àwọn èrò ń kùn pé ó ń jẹ́ káwọn pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ lóyún tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n gba màmá àgbà kan sí ilé ìtọ́jú arúgbó wa, òyìnbó ni. Yàrá rẹ̀ ló gbẹ̀yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí a ń sá aṣọ ibùsùn sí. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìrìbọmi tí ẹ fún mi, ọ̀kan náà ni. Ẹ mọ̀ pé òun náà ni wọ́n fi ń pè mí lókè òkun níbí, òun ló wà lórí káàdì tí mo fi há àyà, torí wọ́n ní ti ilé gùn jù. Tí ọ̀gá bá ké sí ọ̀kan nínú wa, àwa méjèèjì la máa ń dáhùn. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Àfi lọ́jọ́ tí mo ń wọ bàtà fún un, tó tẹjú mọ́ káàdì àyà mi, tó wá wò mí lójú, tó ní, "Ta ló fún ọ lórúkọ mi?"

Kò fi bú mi o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń béèrè pé ta ló mú ṣíbí òun. Mo so okùn bàtà rẹ̀, mo jáde. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Èmi àti ọkọ mi ti sọ ọ́. Ọmọ tó ń bọ̀ yìí kò ní jẹ́ orúkọ òyìnbó kankan, ti ilé nìkan ni. Èmi náà ti ní kí ọ̀gá yí káàdì mi padà. Bàbá ti lọ, ẹ̀yin lẹ kù tẹ́ ẹ lè fún un lórúkọ. Ẹ dákun, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó dé. Ẹ fi ọ̀já kan tì í, torí èyí tí wọ́n ń tà níbí, okùn rẹ̀ pọ̀ ju ti àjàgà màlúù lọ.

Ṣé kí n sọ èyí tó ń dùn mí? Ẹ̀yin fúnra yín kò fi orúkọ ilé mi pè mí rí. Bàbá nìkan ló ń pè é. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ọkọ mi, nígbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹni tó wà níbi tó wà. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á, mo tún un kà, mo wá dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ìyá Télọ̀ bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní kò sí.

O bi mí ní orúkọ, o ò bi mí rí pé báwo ni tìrẹ ṣe dé orí rẹ. Nígbà tí mo ń ṣe agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, ife omi kan máa ń wà lórí tábìlì wa, kàlẹ́ńdà ìjọ sì wà lára ògiri lókè rẹ̀. Orúkọ ẹni mímọ́ kan wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá wọlé tí kò ké, tí ara rẹ̀ dẹ̀, a kì í dúró de Àlùfáà. Agbẹ̀bí á bomi sí i lórí, á fi orúkọ ọjọ́ yẹn pè é. Bí mo ṣe sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú yìí lórúkọ nìyẹn. Alápatà tó wà ní ìkóríta, ọwọ́ mi ló ti gba orúkọ. Èyí tó bọ́ sí ọjọ́ tiẹ̀ kò ṣeé pè, èmi gan-an gé ahọ́n jẹ níbi tí mo ti ń pè é. Títí dòní, tí mo bá lọ ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, eegun ló máa ń gé fún mi.

Ìwọ náà wọlé, o ò ké. Ọmọdébìnrin agbẹ̀bí tó dúró tì mí ti bú sẹ́kún. Èmi tí mo bí ọ ni mo na ọwọ́ mú ife yẹn. Mo gbójú sókè wo ògiri, mo fi ohun tí mo rí níbẹ̀ pè ọ́. Mo pè é, mo pè é, títí o fi ké. Orúkọ tí o ní kí ọ̀gá rẹ bá ọ já kúrò lórí káàdì ni mo ń sọ yìí.

Ṣé o ti kúrò nínú ìjọ ni? Sọ òtítọ́ fún mi. Kí ni màá wí fún Àlùfáà tó bá bi mí? Orúkọ tó dára pọ̀ nínú Bíbélì, mú ọ̀kan, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ilé tó kàn. Mi ò lè fi ti ilé nìkan ránṣẹ́. Má sọ pé mo le lórí.

Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń wú? Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú rẹ máa ń ṣú? Má fi ọ̀kankan nínú wọn ṣeré. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọjà tìrẹ jìnnà sí mi.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrójú sùn nítorí mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò kúrò nínú ìjọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, èmi ni mo ka Bíbélì fún wọn. Ẹsẹ̀ mi ń wú, bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi fẹ́ máa ru, kí n má gbé arúgbó kankan mọ́. Aṣọ nìkan ni mò ń ká báyìí.

Ìtàn ife omi yẹn, mo sunkún nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n Ìyá mi, ohùn yín ni mo gbọ́ tí mo fi ké. Kí ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé mọ̀ nípa kàlẹ́ńdà? Ká ní ọ̀bẹ tàbí àwo lẹ pè mí lọ́jọ́ náà, màá ké.

Àwọn tó gbé ìgbàgbọ́ wá bá wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ wọ́n di orúkọ ara wọn mọ́ ẹrù náà, àwa sì gbà á lódindi, a ò tú u wò. Ṣé Ọlọ́run tó gbọ́ ẹkún mi kò lè gbọ́ orúkọ tí bàbá mi fún mi ni? Ta ló sọ fún wa pé ẹnu àlejò ni Ó fi ń pe èèyàn? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èwo nínú ilé wa lẹ wò tẹ́ ẹ fi mú tèmi lára ògiri?

Ẹ má bínú. Ọkọ mi ka ibẹ̀ yẹn, ó ní kí n pa á rẹ́. Ó ní ìyá èèyàn kì í ṣe èrò bọ́ọ̀sì tí à ń sọ pé kó sọ̀ kalẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe mí.

Nǹkan kan tún wà. Àkọ́bí yín ni mí, èmi náà sì ni àbíkẹ́yìn. Gbogbo èèyàn ló ń fi ṣàwàdà, láti orí Ìyá Télọ̀ dé orí àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò gbọ́ "àkọ́bí" lẹ́nu yín rí. "Ọmọ mi" lẹ máa ń pè mí, ibẹ̀ lẹ máa ń dúró sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mi ò fipá bi yín.

Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ náà. Mi ò fẹ́ kó bá wa lójijì.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Ó ti dé. Kò dúró de ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ru kọjá ààlà, wọ́n ní bí àwọn ò bá tètè gbé e jáde, àwa méjèèjì la ó bá a lọ. Ọkùnrin ni. Inú àpótí onígíláàsì ló wà, pẹ̀lú wáyà lára àyà àti ẹsẹ̀. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí mo ń ti ọwọ́ bọ̀ láti fọwọ́ kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń dún lókè orí rẹ̀, tó bá ti dákẹ́ díẹ̀, èmi náà á dákẹ́ mímí.

Wọ́n lẹ bébà mọ́ àpótí náà. Torí pé kò tíì lórúkọ, tèmi ni wọ́n kọ síbẹ̀, ti ìrìbọmi, pé ọmọ ẹni báyìí ni. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá wọlé ló ń béèrè pé kí làwọn máa pè é. Ọkọ mi ní kí wọ́n máa pè é ní Èrò, torí pé kò sanwó, ó sì fò bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn tán, ó lọ sunkún ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Mò ń dúró de orúkọ lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ gbàdúrà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyá Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Ọkọ rẹ ló pè é. Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà sí mi létí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ bóyá ọkùnrin ni. Ó tún un sọ.

Gbọ́ mi dáadáa. Kò dìgbà tí Àlùfáà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lè ṣe é. Rẹ ìka rẹ sínú omi mímọ́ tó gaara, fi kàn án lórí, kí o fi orúkọ kan nínú Bíbélì pè é. Èyíkéyìí ni. Má fi ti ilé pè é, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ tó ti sùn. Má bi mí nídìí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó gbóná dáadáa?

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu. Ìyá Télọ̀ ní ọkọ rẹ sọ pé ó ti ń gba oúnjẹ láti ẹnu, pé wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà. Mo jó nínú ilé, orúnkún mi sì bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo rí lẹ́tà tí o fi sọ pé ò ń dúró de orúkọ lọ́wọ́ mi. Má dúró mọ́. Mo ti ṣe é. Nígbà tí ọkọ rẹ sọ fún Ìyá Télọ̀ pé o ò tíì bomi sí i lórí, oorun ò kùn mí. Mo tọ Àlùfáà lọ, mo ṣàlàyé fún un. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Ó kọ́kọ́ ní ọmọ tí kò sí níbí kò ṣeé rì bọmi. Mo jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ títí ó fi rí i pé mi ò ní dìde. Ó wá ní kò burú, òun á gbàdúrà fún un níwájú ìjọ, òun á sì kéde orúkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ìyá Télọ̀ la gbé dúró fún un. Ọmọ yẹn sun gbogbo ìsìn náà já, kò mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ òyìnbó Àlùfáà tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fún un, èyí tí wọ́n kọ sára òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìjọ pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Àní èmi tí etí mi di, mo gbọ́ ọ. Àwọn ìyá ìjọ ti ń fi orúkọ náà gbàdúrà fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọkàn mi balẹ̀ báyìí. Ó ti wà nínú ọgbà. Kọ̀wé sí mi, kí o sọ bó ṣe ń ṣe.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mi ò rí lẹ́tà. Mo mọ̀ pé ọmọ kékeré kì í jẹ́ kí ọwọ́ ìyá dilẹ̀, ìlà kan péré náà tó mi. Ìyá Télọ̀ pe nọ́ńbà ọkọ rẹ, kò wọlé. Ó tún un pè lọ́jọ́ kejì. Ó ní bóyá ó ń wakọ̀ ni.

Ṣé ọmọ wà? Kọ èyí nìkan sí mi.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Ìyá mi,

Ọmọ wà. Wọ́n jẹ́ ká gbé e lọ sílé, inú wa dùn, ká tó mọ̀, èémí rẹ̀ tún há. A ti gbé e padà sílé ìwòsàn. Àpótí onígíláàsì náà ló tún wà, bébà yẹn náà ni wọ́n tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi ń sùn sórí àga, fóònù rẹ̀ bọ́ sómi. Ìdí kan tí ẹ ò fi gbúròó wa nìyẹn.

Ìdí kejì ni pé inú ń bí mi. Mo kọ lẹ́tà sí yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fà á ya. Mo ní kẹ́ ẹ fún ọmọ mi lórúkọ, ẹ lọ ka ti ẹlòmíì lára òkúta fún un. Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ dúró fún ọmọ mi. Odidi ìjọ pe ọmọ mi ní ohun tí èmi ìyá rẹ̀ kò pè é. Ó dà bíi pé bí a ṣe ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ níbí, ẹnìkan ti lọ gba ọmọ náà lẹ́yìn wa.

Mi ò ní fi orúkọ yẹn pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó má baà ṣe yín ní kàyéfì. Akọ̀wé tó ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ti ránṣẹ́ sí wa, ó ní tí oṣù Kẹsàn-án bá parí tí a ò mú orúkọ wá, òun á fi èyí tó wà lára bébà sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ni pé á máa jẹ́ orúkọ mi tí mi ò fẹ́, tàbí èyí tẹ́ ẹ fún un, tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Mo lè fúnra mi mú ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, mo gbìyànjú, mo dúró ti àpótí yẹn, mo la ẹnu, kò wá. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti wá, mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń bí mi nínú pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kí n má bi yín nídìí. Mò ń bi yín. Kí ni orúkọ ilé ṣe fún yín, Ìyá mi? Mi ò ní kọ̀wé mọ́ títí ẹ ó fi sọ ọ́.

Èmi ọmọ yín.


Ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo jókòó ti lẹ́tà rẹ fún ìgbà pípẹ́. Inú mi bà jẹ́, mi ò sì lè sọ pé o purọ́ mọ́ mi.

Mi ò pè ọ́ ní àkọ́bí rí torí pé ìwọ kọ́ ni. Mo bí ọkùnrin kan kí n tó bí ọ. Bàbá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn nígbà yẹn. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni mo bí i sí, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Kò tó ọjọ́, bíi ti Èrò rẹ. Kò sí àpótí onígíláàsì níbí. Mo gbé e sí àyà, nígbà tí mo rí i pé èémí rẹ̀ ń dín, mo ní kí wọ́n bu omi wá. Mo bù ú sí i lórí, mo sì fún un lórúkọ. Orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu ni, ti ilé, ó sì dára. Mo pè é, ó la ojú, ó wò mí. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn. Kó tó di pé agogo àárọ̀ lù, ó ti lọ.

Mo ní kí wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ ìjọ mú ìwé ńlá rẹ̀ wá, ó béèrè orúkọ. Mo sọ ọ́. Ó dé bírò rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe orúkọ." Mo ní mo bomi sí i lórí. Ó ní omi tí a fi pe orúkọ kèfèrí, omi lásán ni. Òyìnbó Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwa agbẹ̀bí, wà níbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń sunkún bí mo ṣe ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ní bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ti òyìnbó kò dùn mí tó ti olùkọ́ ìjọ. Èèyàn wa ni. Ìyá rẹ̀ máa ń fi orúkọ ilé ké sí i láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń dáhùn.

Ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n sin ọmọ mi sí, láàárín koríko, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀. O ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí mo wò nìyẹn, ọmọ mi. Ọgbà ló yí i ká, ọmọ mi sì wà níta.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo gbé ife omi sórí tábìlì, èmi náà ni mo kan kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri. Mo ní kò sí ìyá kan lọ́wọ́ mi tí wọ́n máa tún sọ fún pé ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ìdí tí alápatà fi ń jẹ́ ohun tó ń jẹ́ nìyẹn. Ìwọ náà sì dé, o ò ké. Ṣé kí n tún ti ẹnu ara mi mú ọ̀kan? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo sá lọ bá ògiri. Orúkọ tí bàbá rẹ fún ọ lẹ́yìn náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Tèmi kò lè pè é. Mo rò pé tí mo bá pè é, ẹnìkan á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ní ọkùnrin ni o bí, tí wọ́n ní kò tó ọjọ́, ọgbà yẹn nìkan ni mò ń rí. Mi ò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ o. Mò ń tì í wọlé ni.

Mo ti mọ orúkọ ọmọ rẹ láti ìgbà tí mo ka lẹ́tà àkọ́kọ́ tí o kọ. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà náà, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó jáde. Mo kọ ọ́ sórí bébà kékeré, mo dì í sínú ọ̀já tí mo fi ránṣẹ́. Mi ò kọ ọ́ síbí, kó má baà wà láàárín ẹjọ́. Má kà á sókè lójú ọ̀nà. Ìgbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o tú u, létí rẹ̀. Bóyá wọ́n á gbà á, bóyá wọn ò ní gbà á. Mo ti kọ ọ́.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ fojú fo gbogbo ohun tí mo kọ nígbà tí inú ń bí mi. Ọkọ mi ní òun ti sọ fún mi pé kí n pa á rẹ́.

Ọ̀já dé. Mi ò tú u nílé. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ inú ihò àpótí, mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn, mo kà á sí i létí. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ó la ojú bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ mi ò ní purọ́. Ó sín ni. Bàbá rẹ̀ wá pè é pẹ̀lú, ó tún sín. Ọkọ mi ní ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì ya bébà àtijọ́ kúrò, ó ní kí n fúnra mi kọ èyí tuntun, kí òun má baà ṣì í kọ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ wáyà tó kẹ́yìn. A ti wà nílé báyìí. Ẹ̀yìn mi ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, nínú ọ̀já yín, ó ń hanrun. Orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Akọ̀wé náà béèrè pé ṣé kò sí orúkọ míì tó kúrú. Mo ní kò sí.

Mo gbé e lọ han màmá àgbà níbi iṣẹ́. Ó ní kí n sọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó gbìyànjú, ó gbé e ṣubú. Ó ní kí n tún un sọ, ó tún gbé e ṣubú. Ó jókòó ti fèrèsé rẹ̀, ó ń pè é lábẹ́nu bí mo ṣe ń ká aṣọ, nígbà tí mo fi máa lọ sílé, ó ti ń pè é dáadáa ju ọ̀gá mi lọ. Mo wá rántí ìbéèrè rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyá mi ló fún mi lórúkọ rẹ̀, pé ó fi pè mí padà láti ẹnu ọ̀nà ikú. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti jọ ni ín.

Níbi iṣẹ́, ti ilé ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ máa pè mí bí ẹ ṣe ń pè mí.

Ìbéèrè kan ló kù. Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi? Mo ti ń jẹ́ àkọ́bí ní ipò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n.

Èmi ọmọ yín, àbúrò rẹ̀.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo ti fi orúkọ ilé rẹ pè ọ́ nínú yàrá mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ahọ́n mi kọsẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Ó máa mọ́ ọn lára.

Mo kí ọkọ rẹ, mo kí Èrò. Jẹ́ kó máa hanrun. Bí ó bá dẹ́kun hanrun lójijì ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀. Àlùfáà rò pé mo tún fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo rí i bó ṣe wo aago. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Kò sí koríko mọ́, kò sí ewúrẹ́. Nígbà tí ìjọ ń pọ̀ sí i, wọ́n wó ògiri àtijọ́, wọ́n tún un mọ jìnnà sẹ́yìn. Ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi ló wà níbẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ọmọ mi ti wà nínú ọgbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ní ẹnìkan níta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlùfáà. Ó yọ fìlà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jáde síwájú. Mo sọ fún ìjọ pé orúkọ tí mo ní kí wọ́n pe ọmọ-ọmọ mi lóṣù Kẹfà, kí wọ́n dá a padà sára òkúta, pé ẹni tó ni ín ṣì nílò rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alápatà ló rẹ́rìn-ín jù. Mo wá pe orúkọ méjì, ti Èrò, mo sì pe ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo kọ tiẹ̀ sórí bébà kékeré fún ọ, ó wà nínú àpòòwé yìí. Mo pariwo wọn torí etí mi. Gbogbo ìjọ pè wọ́n tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe orúkọ.

Èmi ni ìyá yín méjèèjì.